Kóòdù àìsàn àti kóòdù iṣẹ́ abẹ: ìwé kíkà ni, kì í ṣe àkọ́sórí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo wà, ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ń ṣe jẹun, Accounting ni mo sì kà nílé kí n tó wá. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún medical coding, iṣẹ́ sísọ àìsàn àti ìtọ́jú di kóòdù kí inṣọ́ránsì lè sanwó, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò wa, ìrọ̀lẹ́ méjì lọ́sẹ̀. Ìwé kóòdù gbàǹgbà mẹ́ta ni wọ́n ní ká rà. Mo ń kọ́ kóòdù sórí lálaalẹ́, kò dúró. Ti àìsàn ṣì ń yé mi díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ti iṣẹ́ abẹ, òkùnkùn biribiri ni. Máàkì 58 ni mo gbà nínú ìdánwò tó kọjá. Ṣé kí n máa bá a lọ? Báwo ló ṣe yẹ kí n kọ́ ọ? Ìwé-ẹ̀rí wo ni kí n lé? Ṣé òótọ́ sì ni pé inú ilé ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà? Èmi, Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ máa bá a lọ, àmọ́ ẹ jáwọ́ nínú àkọ́sórí lálẹ́ òní. Kóòdù àìsàn tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, ICD-10-CM, lé ní 70,000. Kò sí olùkọ́ tó mọ̀ wọ́n sórí. Ní gbogbo ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni wọ́n ń yọ àwọn kan kúrò tí wọ́n sì ń fi tuntun kún un, nígbà mìíràn wọ́n tún ń ṣe díẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin. Ìdánwò ìwé-ẹ̀rí pàápàá, wọ́n gbà kí ẹ gbé ìwé kóòdù yín wọlé. Ohun tí wọ́n fẹ́ rí ni bóyá ẹ lè ka ohun tí dọ́kítà kọ, kí ẹ mú èyí tó ṣe kókó jáde nínú rẹ̀, kí ẹ sì tọ̀ ọ́ dé ìdí kóòdù tó bá a mu. Accounting tí ẹ kà yóò wúlò níbí ju bí ẹ ṣe rò lọ: bí ẹ kì í ṣeé kọ ìnáwó sínú ìwé ìṣirò láìrí rìsíìtì, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ò gbọdọ̀ kọ kóòdù ohun tí kò sí nínú fáìlì aláìsàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ ìwé kọ̀ọ̀kan, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń da nǹkan pọ̀. ICD-10-CM ń sọ ohun tó ń ṣe aláìsàn. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2015 ni Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, òun ló rọ́pò ICD-9. Ìwé kejì, CPT, ń sọ ohun tí dọ́kítà ṣe fún aláìsàn. Ẹgbẹ́ àwọn dọ́kítà Amẹ́ríkà, AMA, ló ni ín, ọdún 1966 ló kọ́kọ́ jáde, nọ́mbà márùn-ún ni ọ̀pọ̀ kóòdù rẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní sì ni ti ọdún tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé kẹta, HCPCS Level II, létà kan àti nọ́mbà mẹ́rin ni kóòdù tirẹ̀: abẹ́rẹ́, kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn, àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ìwé kẹrin tún ń bọ̀ lọ́nà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sáà kejì ni wọn yóò mú un wá: ICD-10-PCS. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún ẹni tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù nìkan ló wà fún. Tí wọ́n bá yọ àpò òróòro aláìsàn tó sùn sí ọsibítù, ọsibítù yóò fi kóòdù PCS ránṣẹ́, dọ́kítà tó ṣe iṣẹ́ náà yóò sì fi kóòdù CPT béèrè owó tirẹ̀. Iṣẹ́ abẹ kan náà ni, bíìlì méjì. Tí ìbéèrè ìdánwò bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó: ta ló ń béèrè owó, ṣé wọ́n sì dá aláìsàn dúró? Láìmọ èyí, ẹ lè ṣí ìwé tí kì í ṣe òun rárá.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwé tó ti lo ọdún kan tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó. Ó pọ̀ nínú kóòdù rẹ̀ tí kò ní yí padà lóòótọ́, àmọ́ ẹyọ kan tó bá yí padà lè gba máàkì yín lọ. Kóòdù ICD-10-CM àti òfin ìlò rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ CDC àti CMS, àwọn àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà. CPT ni kò sí lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá mú aláìsàn kan, ká sì bá a lọ títí. Obìnrin ẹni ọdún 67 yọ̀ ṣubú nínú ilé ìdáná ilé rẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbalẹ̀. Dọ́kítà egungun kọ ọ́ pé: Colles' fracture, right. Closed reduction, short arm cast. Ìyẹn ni pé egungun kán lápá ìsàlẹ̀, nítòsí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún, dọ́kítà fi ọwọ́ tò ó padà láìfi abẹ kàn án, ó sì fi P.O.P. dì í.

Iwájú ìwé ICD-10-CM ni atọ́ka wà, a máa bẹ̀rẹ̀ láti A lọ dé Z. Orúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni ẹ máa wá níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yà ara. Ẹni tó bá ń wá ọrùn ọwọ́ kò ní rí nǹkan kan. Ẹ lọ sí Fracture, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí traumatic, kí ẹ wá radius, egungun apá tó kán náà, lẹ́yìn náà lower end, kí ẹ tó dé Colles'. Atọ́ka yóò fún yín ní S52.53- pẹ̀lú ìlà kékeré lẹ́yìn rẹ̀. Ìlà yẹn ń sọ fún yín pé kóòdù kò tíì pé. Ẹ má ṣe kọ kóòdù láti inú atọ́ka láé, bó ti wù kó dà bí ẹni pé ó pé. Ẹ ṣí apá kejì ìwé, níbi tí wọ́n to kóòdù sí tẹ̀léra. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí i pé S52.531 ni ti ọ̀tún, S52.532 ni ti òsì, S52.539 sì ni ti ìgbà tí dọ́kítà kò sọ èwo.

Àmì mẹ́fà nìyẹn, keje sì kù. Àpótí àmì keje kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ S52.531. Ó wà lókè pátápátá níbi tí S52 ti bẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ ojú ewé mélòó kan sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dúró sórí mẹ́fà. Kóòdù tó bá yẹ kó ní àmì keje tí kò ní in, ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì yóò dá a padà láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Létà mẹ́rìndínlógún ló wà nínú àpótí S52. Egungun tí kò yọ sí ìta, tí wọ́n ń tọ́jú lọ́wọ́, A ni tirẹ̀. Tí dọ́kítà kò bá sọ bóyá awọ ya tàbí kò ya, òfin ní kí ẹ kà á sí èyí tí kò ya. Nítorí náà: S52.531A.

A yẹn ń tàn ènìyàn jẹ. Ìwé pè é ní ìpàdé àkọ́kọ́, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sì gbà pé ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ló wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣì ń tọ́jú ìpalára náà gan-an ni A dúró fún. Tí obìnrin yìí bá kọ́kọ́ dé yàrá pàjáwìrì, tí wọ́n fi igi gbè é, tó sì lọ bá dọ́kítà egungun lọ́jọ́ kejì kó lè tò ó, A ni fún ọjọ́ méjèèjì. Ìgbà tí iṣẹ́ ti parí, tó kàn ń padà wá kí wọ́n wo bó ṣe ń jinná, ni D dé. Tí kò bá tètè jinná, G ni. Tí egungun bá kọ̀ láti so, K ni. Tó bá so ní wíwọ́, P ni.

Ohun tó fa ìṣubú náà kù: W01.0XXA. Ẹ wo X méjì àárín yẹn dáadáa. W01.0 kò ju àmì mẹ́rin lọ, A sì gbọ́dọ̀ jókòó sí ipò keje, ni X ṣe wá dí àyè tó ṣófo. Ẹni tó kọ W01.0A ti kọ ohun tí kò sí. Y92.010 ni yóò sọ pé inú ilé ìdáná ilé ẹni ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré, ní ìpàdé àkọ́kọ́, ni wọ́n ń kọ ìyẹn.

Nígbà tí ẹ bá wà ní apá kejì ìwé, ẹ máa ka àkọsílẹ̀ kéékèèké tó wà lábẹ́ orí kóòdù. Excludes1 ní kí ẹ má ṣe kọ kóòdù méjèèjì pa pọ̀. Excludes2 ní tirẹ̀ ń sọ pé àìsàn kejì kò sí lára èyí, àmọ́ tí aláìsàn bá ní méjèèjì, ẹ lè kọ méjèèjì. Code first ní kí ẹ kọ òmíràn ṣíwájú. Ẹni tó bá ń fò wọ́n kọjá ń gba kóòdù tó tọ́, ó sì ń tò ó lódì.

Mo fura pé ibi tí máàkì yín ti lọ gan-an ni òfin ìlò, èyí tí wọ́n ń pè ní Official Guidelines. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ ka apá kìíní rẹ̀ àti apá kẹrin tó jẹ́ ti aláìsàn tí wọn kò dá dúró. Ẹ wo bí ó ṣe ń yí ìdáhùn padà. Dọ́kítà kọ pé aláìsàn ní ìtọ̀ ṣúgà irú kejì, ẹ̀jẹ̀ ríru, àti àìsàn kíndìnrín tó wà ní ipele 3b, ó sì ń lo metformin. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ka òfin yóò kọ E11.9, I10 àti N18.32. Méjì ti bàjẹ́ nínú mẹ́ta. Òfin ní kí ẹ gbà pé ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nídìí àìsàn kíndìnrín náà, àfi tí dọ́kítà bá kọ ọ́ gbangba pé nǹkan mìíràn ló fà á. Torí náà E11.22 àti I12.9 ni, kí N18.32 tẹ̀ lé wọn láti sọ ipele, kí Z79.84 sì sọ pé oògùn oníhóró ló ń lò fún ṣúgà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú ọkàn tí kò lágbára mọ́: I11.0 ni, kóòdù I50 yóò sì tẹ̀ lé e. I10 tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn, ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru tí kò sì ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀ ni.

Òfin kejì tí ó ń gba máàkì ni ti ohun tí dọ́kítà kàn fura sí. Ní kílíníìkì, tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé bá wọlé tí ara rẹ̀ ń gbóná, tí dọ́kítà sì kọ rule out malaria, ìyẹn ni pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá malaria ni tàbí kì í ṣe òun, ẹ ò gbọdọ̀ kọ kóòdù ibà malaria. Ara gbígbóná ni ẹ ó kọ, R50.9. Tí dọ́kítà bá wá kọ ọ́ pé malaria ni, láìsọ irú rẹ̀, B54 ni. Tó bá kọ falciparum láìsí ohun tó dà pọ̀ mọ́ ọn, B50.9 ni. Kódà bí ẹ bá rí falciparum lórí èsì lábù, dọ́kítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ kí ẹ tó lè lò ó. Ní ti ẹni tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù, ó yí padà: tó bá jẹ́ probable, ó ṣeé ṣe kó jẹ́, ni dọ́kítà ṣì kọ lọ́jọ́ tí wọ́n ń dá a sílẹ̀, wọn yóò kọ kóòdù rẹ̀ bí ẹni pé ó ní in. HIV àti COVID-19 wà lára ohun tí òfin yọ sọ́tọ̀: ó gbọ́dọ̀ dájú, ibi yòówù kí aláìsàn wà.

Ẹ fi àìsàn tí àwa mọ̀ dunjú yìí, sickle cell, dán ara yín wò. Ẹni tó jẹ́ AS, D57.3 ni. Ẹni tó jẹ́ SS tí ara rẹ̀ balẹ̀, D57.1. SS tí eegun ń dùn ún, tí dọ́kítà kọ crisis, D57.00, tó bá wọ àyà, ní irú èyí tí wọ́n ń pè ní acute chest syndrome, D57.01. SC tí ara rẹ̀ balẹ̀, D57.20. Tí ẹ bá fi D57.1 sí fáìlì ẹni tó jẹ́ AS, ẹ ti fún un ní àìsàn tí kò ní, ó sì lè wà nínú ìwé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó fura. Inṣọ́ránsì yóò sanwó láìjanpata, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe irú èyí fi burú ju èyí tí wọ́n dá padà lọ.

Ó yá, ká wọ inú òkùnkùn biribiri yẹn. Ẹ padà sọ́dọ̀ obìnrin ọlọ́wọ́ kíkán wa. Nínú CPT, ẹ̀yìn ìwé ni atọ́ka wà, ẹ má gbàgbé. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá nínú àkọsílẹ̀ dọ́kítà ni ọ̀rọ̀ ìṣe: kí ló ṣe? Ó tò ó padà láìfi abẹ ṣí i. 25600 ni ti ẹni tí wọ́n dì láìtò. 25605 ni ti ẹni tí wọ́n tò. Manipulation ni ìwé CPT ń pe títò yìí, reduction sì ni dọ́kítà sábà máa ń kọ. Ẹni tí kò mọ̀ pé ohun kan náà ni wọ́n yóò kọ 25600, owó dọ́kítà yóò sì dín kù. Nítorí náà 25605-RT, RT fún ọwọ́ ọ̀tún. Ṣé kí ẹ tún kọ kóòdù P.O.P. tí wọ́n fi dì í? Rárá o, àkọ́kọ́ wà nínú owó náà. Nígbà tó bá padà wá kí wọ́n wo ọwọ́ rẹ̀, ọjọ́ 90 ni owó yẹn bò, torí náà 99024 ni wọ́n ń kọ, kò lówó lórí, S52.531D ni yóò sì bá a lọ.

Ṣé ẹ rí i? Kóòdù àìsàn ń sọ ìdí, kóòdù iṣẹ́ ń sọ ohun tí wọ́n ṣe, méjèèjì sì gbọ́dọ̀ jọ sọ ìtàn kan náà. Tí 25605-RT bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù ọwọ́ òsì, bíìlì yóò padà.

Ibi tó le jù fún akẹ́kọ̀ọ́ nínú CPT ni ìgbà tí iṣẹ́ ju ẹyọ kan lọ ní ìjókòó kan. Colonoscopy, fífi kámẹ́rà wo inú ìfun ńlá, ló dára jù láti fi kọ́ ọ. Ẹni ọdún 55, ara rẹ̀ le, ó kàn wá ṣe àyẹ̀wò ìfun ńlá tó yẹ ọjọ́ orí rẹ̀. Dọ́kítà fi okùn onírin kan gé kókó kékeré, polyp, kúrò nínú ìfun tó wà lápá ọ̀tún tó ń gòkè. Ó tún rí ibòmíràn tí ojú rẹ̀ kò dá a lójú nínú sigmoid, apá ìsàlẹ̀ ìfun ńlá, ó fi ẹ̀mú já díẹ̀ mú fún lábù. Wíwò lásán ni 45378. Kí ẹ má kọ ọ́ rárá, torí kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ gé nǹkan níbẹ̀ láìwò ó. Okùn onírin, snare, ni 45385. Ẹ̀mú, biopsy, ni 45380. Ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ṣe é, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ lè kọ méjèèjì, kí ẹ sì fi modifier 59, àmì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kóòdù bíi RT ìṣáájú, sára 45380 kí ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì mọ̀. Tó bá jẹ́ pé kókó kan náà ló kọ́kọ́ fi ẹ̀mú já mú kó tó fi okùn gé e, 45385 nìkan ni. Ohun tó mú kó rí bẹ́ẹ̀ ni òfin NCCI ti CMS, tó to kóòdù tí kò gbọdọ̀ jọ rìn sí méjì méjì. Ẹ má máa lẹ 59 mọ́ nǹkan kí bíìlì lè kọjá. Irú ìwà yẹn ni àwọn tó ń yẹ ìwé wò ń wá kiri.

Àìsàn ńkọ́? Z12.11, àyẹ̀wò àrùn jẹjẹrẹ ìfun ńlá fún ẹni tí ara rẹ̀ le, ni yóò ṣáájú, torí ìyẹn ló gbé e wá, ohun yòówù kí wọ́n bá níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohun tí wọ́n rí. Tí èsì bá sọ pé adenoma, irú kókó tó lè di jẹjẹrẹ, ni ti apá ọ̀tún tó ń gòkè, D12.2 ni, tó bá jẹ́ kókó lásán, K63.5. Ẹ dúró de èsì kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé èsì lábù nìkan kò tó, ṣùgbọ́n dọ́kítà ni ẹni tó ka ẹran ara wọ̀nyí lábẹ́ ẹ̀rọ, ó sì fọwọ́ sí i. Fún aláìsàn tí wọn kò dá dúró, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Ẹ fi modifier PT sára kóòdù iṣẹ́ tó bá jẹ́ Medicare, inṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn arúgbó, 33 tó bá jẹ́ inṣọ́ránsì àdáni. Tí ẹ bá gbàgbé ìyẹn, wọn yóò kà á sí ìtọ́jú àìsàn, wọn yóò sì gbé owó lé orí aláìsàn tí wọ́n ti sọ fún pé ọ̀fẹ́ ni. Òun ló máa pe ọ́fíìsì yín láàárọ̀ kùtùkùtù.

Ti ìbẹ̀wò lásán sí dọ́kítà, 99202 sí 99215, kò yẹ kó dá yín dúró pẹ́. Láti ọdún 2021, ìrònú tí dọ́kítà ṣe lórí ọ̀rọ̀ aláìsàn tàbí àkókò tó lò lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi ń mú kóòdù. 99213, ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú, 99214, ọgbọ̀n. Fídíò àtijọ́ ṣì pọ̀ tó ń kọ́ni láti ka iye ẹ̀yà ara tí dọ́kítà yẹ̀ wò. Ẹ wo ọdún tí wọ́n ṣe fídíò kí ẹ tó jókòó tì í. Modifier 25, tó ń sọ pé ìbẹ̀wò náà dá dúró lọ́tọ̀, ara kóòdù ìbẹ̀wò ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, kì í ṣe ara iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ kan náà.

PCS yóò dé bá yín ní sáà tó ń bọ̀. Àmì méje ni gbogbo kóòdù rẹ̀, kò sí O tàbí I létà nínú rẹ̀ kí wọ́n má bàa jọ òdo àti ení. Ẹ ò ní wá a bíi ti ICD. Ẹ ó máa kọ́ ọ láti inú táblì, àmì kan lẹ́yìn òmíràn. Yíyọ appendix pẹ̀lú kámẹ́rà láti ojú ihò kékeré, 0DTJ4ZZ ni: T fún yíyọ odindi, J fún appendix, 4 fún ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé. Àmì kẹta ló ń pa akẹ́kọ̀ọ́. Tí dọ́kítà bá yọ odindi ẹ̀yà ara, T ni. Tó bá gé lára rẹ̀, B ni, kódà bó bá kọ ọ̀rọ̀ kan náà fún méjèèjì. Òfin PCS sọ ọ́ gbangba pé dọ́kítà kò ní láti lo ọ̀rọ̀ inú ìwé yín. Ẹ̀yin ni ẹ ó wò ó pé kí ló túmọ̀ sí. Tí wọ́n bá fi kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì wá la ikùn, PCS fẹ́ kóòdù méjì, àmọ́ CPT fẹ́ ti lílà nìkan: 47600 fún àpò òróòro, kì í ṣe 47562.

Ní ti bí ẹ ó ṣe kọ́ ọ: ẹ ti ń fi alẹ́ ṣòfò lórí kóòdù, ẹ fi alẹ́ yẹn sí ẹ̀yà ara àti èdè àwọn dọ́kítà. Tí ẹ bá mọ̀ pé -ectomy ni yíyọ kúrò, -otomy ni lílà, -ostomy ni ṣíṣí ojú ihò síta, -plasty ni títún ṣe, ìdajì CPT ti ṣí fún yín. Ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra sí ojú kan: ileum ni apá ìfun kékeré, ilium ni egungun ìbàdí; dysphagia ni kí oúnjẹ má lè gba ọ̀fun, dysphasia ni kí ọ̀rọ̀ sọnù lẹ́nu. Létà ẹyọ kan péré ló ya wọ́n.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ. Ohun tó ń ṣe é, ìlà kan. Ọ̀rọ̀ ìṣe, ìlà méjì. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tàbí òsì, ẹ yí i ká. Ẹ má fọwọ́ kan ìwé kóòdù títí ẹ ó fi fa ìlà yẹn tán. Àkọlé iṣẹ́ abẹ lókè ìwé máa ń purọ́: wọ́n á kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, àlàyé ìsàlẹ̀ ló sì ń sọ ohun tí wọ́n ṣe. Tí àlàyé náà kò bá yé yín lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kọ ìwé béèrè lọ́wọ́ dọ́kítà láìfi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ìwé 58 yẹn, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ padà sórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tí ẹ kùnà, kí ẹ kọ ìdí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ṣé ìbéèrè ni ẹ kò kà dáadáa, ṣé atọ́ka, ṣé òfin, ṣé àmì keje, àbí àkókò ló tán? Ìdí kan yóò yọrí ju àwọn yòókù lọ, òun ni kí ẹ dojú kọ.

Ìwé-ẹ̀rí: àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ yìí, AAPC àti AHIMA, ló ń fúnni. CPC ti AAPC ló bá yín mu jù, ti iṣẹ́ ọ́fíìsì dọ́kítà. Ìbéèrè 100, wákàtí 4, ìdá 70 nínú 100 ni wọ́n fi ń yege. Ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀ kò tilẹ̀ pé lórí ìbéèrè kan, torí náà àkókò ló ń já ọ̀pọ̀ ènìyàn, kì í ṣe òye. Ẹ lẹ táàbù mọ́ ìwé, kí ẹ kọ àkíyèsí sí etí rẹ̀, wọ́n gbà á. Ìwé tí ẹ kàn fi há inú rẹ̀ ni wọn kò gbà. CCA ti AHIMA wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, CCS sì ni ti àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ọsibítù, PCS kún inú rẹ̀. Tó bá jẹ́ RHIT, ìwé-ẹ̀rí àbójútó àkọsílẹ̀ ìlera, ni ọkàn yín wà, ẹ béèrè lọ́wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì bóyá CAHIIM, àjọ tó ń yẹ irú ẹ̀kọ́ yìí wò, fọwọ́ sí ètò wọn. Ìwé-ẹ̀rí kúkurú kò lè gbé yín débẹ̀, dìgírì ọlọ́dún méjì ni wọ́n ń béèrè. Àwọn ará ilé yín tó wà ní England, ICD-10 àti OPCS-4, ìwé kóòdù iṣẹ́ abẹ tiwọn, ni wọ́n ń lò níbẹ̀, pẹ̀lú ìdánwò tiwọn. CPT kò wúlò fún wọn. Ní Nàìjíríà náà, ICD ti WHO ni, kì í ṣe CM.

Tí ẹ bá yege CPC láìtíì ṣiṣẹ́ rí, CPC-A ni wọn yóò kọ sára orúkọ yín. Ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ ló ń yọ A náà, tàbí ọdún kan pẹ̀lú wákàtí 80 ẹ̀kọ́ coding tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹ tọ́jú ìwé kíláàsì yín nítorí ìyẹn. A yẹn ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ ṣòro rí, torí náà ẹ má fojú kéré iṣẹ́ bíìlì, iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ aláìsàn, tàbí ti ẹni tó ń lépa owó tí inṣọ́ránsì kọ̀ láti san. Ti ìkẹyìn yìí, ẹni tó ka Accounting ni wọ́n ń wá, ibẹ̀ ni ẹ ó sì ti rí kóòdù tó ń padà àti ìdí tó fi ń padà lójoojúmọ́.

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ń ṣe é láti ilé. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn; ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fẹ́ kí ẹni tuntun kọ́kọ́ jókòó sí ọ́fíìsì. Nígbà tí ó bá dé ilé, òfin HIPAA ti ọdún 1996, tó ń dáàbò bo àṣírí aláìsàn, bá a wọlé: yàrá tó ní ilẹ̀kùn tó ń tì, kọ̀ǹpútà tí ẹlòmíràn kì í fọwọ́ kàn, kí àwọn ìbejì má sì máa gba ẹ̀yìn yín kọjá nígbà tí orúkọ aláìsàn bá wà lójú rẹ̀.